Orúkọ Tí Ìyá Líádì Kò Pè ní Natako

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó ti pẹ́ tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí rẹ̀, ojú ṣì máa ń tì mí, màá sì tún rẹ́rìn-ín.

Ohun tó mú un wá sọ́kàn mi ni pé, ní Sátidé tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Lokongoma ní Lọ́kọ́ja níbi tí mò ń gbé, mò ń lọ sọ́jà. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí rí i pé ìwé ló kún inú báàgì mi, ló bá bi mí pé ilé ìwé wo ni mo ti ń kọ́ni. Mo ní mi ò kọ́ni nílé ìwé kankan. Ó ní ṣé mo ti fẹ̀yìn tì ni? Ẹ gbà mí! Ṣé mo ti gbó tó bẹ́ẹ̀ ni?

Mo ṣàlàyé fún un pé tíṣà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò ní kíláàsì kan rí tó ní ilẹ̀kùn. Mo ti kọ́ni lábẹ́ igi, mo ti kọ́ni létí odò, mo ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Agbaja lẹ́yìn tí ọ̀nà ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já ìbàdí mi dànù. Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni mò ń kọ́. Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mò ń parọ́.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí kẹ̀kẹ́ fi gba Natako kọjá, ni mo bá rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fi irin dí iwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣe POS níbẹ̀. Inú mi kàn bà jẹ́ ṣáá. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ilé onílé ni, wọ́n lè fi ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Síbẹ̀, mò ń bojú wẹ̀yìn títí a fi dé ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tí mo parí NCE, bàbá mi ti sọ fún gbogbo ará ilé wa lọ́nà Kàbà pé ọmọ òun ti fẹ́ di tíṣà ìjọba. Mo wáṣẹ́ títí, kò sí. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé ló wá gbà mí ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ìyá kan ní Natako. Bàbá mi bi mí pé irú ilé ìwé wo ni. Mo ní kò sí ilé ìwé níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Bàbá wá ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò rí nǹkan!

Àlájà kan tó ń ta aṣọ ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja tipẹ́tipẹ́, débi pé wọ́n ń gbọ́ Nupe àti Hausa bí ẹni tó ń mu omi. Àlájà yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì tún forúkọ sílẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ilé òun gba ìmọ̀ lálejò kí òun wá máa wò ó láti ojú fèrèsé.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì la máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá á gbé ẹní wá, wọ́n á gbé ọmọ wá, ẹlòmíì á gbé ẹ̀pà tó fẹ́ pa wá. Bí mo bá kí wọn ní "Òkun o" tilé wa, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan á dá mi lóhùn ní "Sannu," òmíràn á ní, "Àǹtí, how far?" Ara igi pákó la ti gé pátákó wa. Èmi àti àwọn ìyá ló gún dúdú inú bátìrì mọ́ ewé, tí a fi kùn ún. Òórùn ewé yẹn ṣì wà nímú mi títí di òní. Mo ti jókòó nínú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò rí èyí tó dùn mọ́ mi bíi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Nínú gbogbo wọn, Ìyá Líádì ló sún mọ́ mi jù. Ìyàwó ọmọ Àlájà ni, inú ilé yẹn kan náà ló ń gbé. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti bímọ mẹ́ta. Òun ló máa ń fi màsà gbígbóná pa mọ́ dè mí. Ó ní ohun kan tó ń lé: ó fẹ́ wà lára àwọn obìnrin tó ń gbé àpótí yìnyín kiri ojúlé, tí wọ́n ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu ọmọdé, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ wa ni ìwé ẹ̀rí yẹn wà, ọ̀gá wa láti ọ́fíìsì ló sì máa wá dán wọn wò.

Ní tèmi, mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí àgbàlagbà bá ti mọ̀ ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀ ìwé fún un. Kí lèèyàn mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ? Mo bá kọ orúkọ gbogbo wọn sójú pátákó. Ẹ wo ìdùnnú lọ́jọ́ náà! Ìyá Ebira kan fọwọ́ kan orúkọ tiẹ̀ títí ẹfun fi bò ó lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n mọ tiwọn, mo ní kí kálukú máa ka ti ẹlòmíì.

Orúkọ tó gùn jù lójú pátákó ni Sàfúrátù. Orúkọ Àlájà ni. Ìyá Líádì ló sì mọ̀wé jù, nítorí náà èwo ni mo máa ń na igi sí fún un? Sàfúrátù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń mirí, ẹ rọra.

Mo na igi sí i, Ìyá Líádì dìde, ó wo pátákó, ó wolẹ̀, kò fọhùn. Mo ní kó jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì, ohun kan náà. Lọ́sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ń ka a-bí-dí, ó ń ka inú ìwé kékeré tí mo fún wọn, ṣùgbọ́n tó bá ti kan orúkọ yẹn, ẹnu rẹ̀ á pa dé. Èmi ọlọ́gbọ́n wá pinnu pé ńṣe ló ń há ìwé sórí, pé kò mọ̀ ọ́n kà. Mo tiẹ̀ bi í níwájú gbogbo wọn pé ṣé kì í wòwé nílé ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wojú ara wọn. Mo ṣí ìwé tí mò ń kọ ìtẹ̀síwájú wọn sí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ìyá Líádì kò tíì lè kàwé.

Ṣé ọmọ Yorùbá kọ́ ni mí ni? Ṣé nílé tiwa ìyàwó ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ ni? Ìyá mi gan-an kò pe àbúrò bàbá mi tó kéré jù lórúkọ títí ó fi kú, "Akọ̀wé" ló ń pè é. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ti dé ojú pátákó, lẹ́tà lásán ni mo máa ń rí. Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Mo tilẹ̀ lọ bá Àlájà nínú yàrá rẹ̀, mo ní ó dùn mí, ṣùgbọ́n bóyá kí Ìyá Líádì má tíì ṣe ìdánwò lọ́dún yìí. Àlájà ń ká aṣọ. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "o mà kàwé o."

Ṣé ẹ gbà pé mo dúpẹ́? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, mà. Mo rò pé ó ń yìn mí ni!

Ìyá Líádì bẹ̀ mí títí, mo bá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí ìwé àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò. Nígbà tó di ọjọ́ náà, ọ̀gá wa dé. Bàbá àgbàlagbà kan láti ìhà Yàgbà ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n máa na igi sí ohun tí kálukú máa kà, òun á máa kọ èsì sílẹ̀. Gbogbo wọn kà. Àlájà náà tiraka, ó kà á. Ó wá kan Ìyá Líádì.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo lè na igi sí orúkọ míì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀gá rí i pé òótọ́ ni mo kọ sínú ìwé mi. Mo na igi sí Sàfúrátù.

Ìyá Líádì dìde. Ó wo pátákó. Ọ̀gá dúró, bíírò ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ń sunkún, ìyá rẹ̀ fi ọmú sí i lẹ́nu. Mo ti fẹ́ ní kó jókòó.

Ni Ìyá Líádì bá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó rọra gba àárín ẹní kọjá, ó yẹra fún ẹsẹ̀ ìyá Ebira, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí Àlájà jókòó sí, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí pátákó, ó wá fi ọwọ́ náà lé ẹsẹ̀ Àlájà.

"Ọ̀gá, ẹni tí ẹ ní kí n kà nìyí," ó ní. "Ẹnu mi ni kò gbọdọ̀ gbé e."

Àlájà gbé ọwọ́ lé orí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì bi ọ̀gá bóyá ó kà á tàbí kò kà á. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún pẹ́. Ó ní ó kà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó sì rọra béèrè pé ọmọ ibo ni wọ́n ń pè mí.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo lọ bá Ìyá Líádì ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọ abọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní gbogbo wọn ló rò pé mo mọ̀, pé ṣebí ọmọ Yorùbá ni mí. Ó ní òun rò pé ìdánwò tèmi nìyẹn, pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé á mú kí òun gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá dákẹ́, òun rò pé òun ń yege ni!

Mo yọ ìwé mi, mo ṣí i fún un kó lè rí i bí mo ṣe máa pa ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ rẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó gba ìwé náà, ó sì kà á sókè láì kọsẹ̀ rárá.

"Ìyá Líádì kò tíì lè kàwé."

Àwa méjèèjì wojú ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí Àlájà fi pariwo láti inú ilé pé kí ló dé. Mo ní kó fún mi ní ìwé kí n fagi lé e, ó ní rárá. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n kàn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló kà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó gba iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpótí yìnyín léjìká. Àlájà ti lọ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Àwọn ìyá yòókù ti fọ́n ká. Mo ṣàárò wọn gan-an, mi ò ní purọ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ wa nìyí. Nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wá bá ọ. Níta níbí, ìwọ lo wọ ilé onílé. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ níwájú rẹ, kọ́kọ́ béèrè ohun tó dí i lẹ́nu kí o tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ, àbí? Ó ná mi ní ìtìjú kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dákẹ́ níwájú yín rí, tí ẹ rò pé kò mọ̀ ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Mo ti jẹ́wọ́ tèmi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan.