Ẹ̀bi Bíréèkì Tí Wọ́n Gbé Ka Òkú Lórí

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akẹ́rù tuntun kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ológun já sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ó forí sọ ògiri, ó sì pa ọkùnrin tó fi bíréèkì sí i. Bàbá Ìjánu là ń pè é. Ojúlé kan náà ni wá.

Lóṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ náà tẹ ìwé ìtàn ara rẹ̀ jáde. Mo kà á láti páálí dé páálí. Wọ́n sọ bí olùdásílẹ̀ ṣe ń sọ ọkọ̀ àlòkù di ọkọ̀ panápaná lábẹ́ páànù, bó ṣe bọ́ sórí ọkọ̀ agbómi, títí dórí èyí tí àwọn sójà fi ń la ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Àní ajá tó ń ṣọ́ géètì ní àwòrán tirẹ̀. Bàbá Ìjánu ní ìlà kan ṣoṣo: "Òṣìṣẹ́ kan ṣàṣìṣe nídìí bíréèkì, ó sì bá a lọ."

Àṣìṣe kẹ̀? Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti ilẹ̀kùn ilé tán, á tún padà wá fà á wò lẹ́ẹ̀mejì? Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ilẹ̀kùn lèyí o, kì í ṣe tírélà." Òun a ní, "Olè ò ní bèèrè."

Òfin kan wà tí ìwé náà fi ń yangàn: ẹni tó bá fi bíréèkì sí ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wà á sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọn ò kọ òfin kejì: bí ọkàn onítọ̀hún ò bá balẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò, ọkọ̀ náà ò sì gbọdọ̀ mì.

Ó kọ ọ́. Wẹ́dà tó yẹ kó bá a wọkọ̀ lọ́jọ́ náà ló sọ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú mi ló ṣe. Ó kọ ọ́ pé rọ́bà bíréèkì tuntun yìí ò lágbára, kí ọkọ̀ má lọ. Ọ̀gá ní àwọn sójà ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án, ó ní àbí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù ni."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ́ sílẹ̀, pé òun nìkan tó láti wà á."

Mo lọ bèèrè ìwé àyẹ̀wò nílé-iṣẹ́ náà. Akọ̀wé gbé e fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn ojú ìwé kẹrìndínláàádọ́ta, ìkọkàndínláàádọ́ta ló kàn.

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìwà eku, bàbá," ló wí.

Eku! Eku tó mọ̀wé kà dé ọjọ́ ikú ẹnìkan, tó sì fi rúlà gé e gbọọrọ?

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń fura jù a máa bá òjìji ara rẹ̀ jà. Bóyá mo ṣì í. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ òkú ló ṣàṣìṣe, kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì ọkọ̀ sójà mọ́kànlá tó kù lọ́sẹ̀ tó kú gan-an?

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ mekáníìkì yege. Ibi méjì ló ti wá iṣẹ́ dé. Wọ́n ti ka ìwé ìtàn náà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, wọ́n ní kó máa lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ mú ojú ìwé yẹn jáde. Ẹ dárúkọ ẹni tó ra rọ́bà náà, àti ẹni tó ní kí ọkọ̀ gbéra. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, kí ọmọ rẹ̀ náà rí i kà, pé bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ kọ etí dídi.