Hàlímọ̀ Oníkẹ̀kẹ́ àti Ṣéènì Ọkọ̀ Àkèré

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni àtúnṣe kẹ̀kẹ́, ẹ bi í bóyá ó dé Lánlátẹ̀ rí. Hàlímọ̀ ìyàwó Àkíbù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Rùkáyàt, ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀, kò sì sí àgbẹ̀ kan tó gbé kẹ̀kẹ́ wá bá a tó tì í lọ sílé.

Àkíbù ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe é. "Tú nọ́ọ̀tì yẹn. Kì í ṣe ìyẹn, olórí kunkun yìí!" Hàlímọ̀ á ní, "Ẹ dìde kí ẹ wá tú u fúnra yín!" Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é báyẹn. Nígbà tí Àkíbù kú, àwọn èèyàn rò pé yóò ta irinṣẹ́, kó lọ máa dín gàrí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ọjọ́ kejì àdúrà ogójì ọjọ́ ló ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó dorí kẹ̀kẹ́ kan kodò, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń bá òkú ọkọ rẹ̀ jà lé lórí. Àkíbù lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, ó lọ ra ṣéènì méjì tó nípọn, ti alùpùpù ńlá irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń gùn. Alùpùpù ńlá wo ló wà ní Ìbàràpá? Àwọn kéékèèké tí a ń gùn lọ sóko kò lè lo irú rẹ̀ láéláé. Ọdún mẹ́sàn-án ni ṣéènì méjèèjì fi rọ̀ sára ìṣó nínú bébà tí wọ́n fi òróró pa. Bí Hàlímọ̀ bá gbójú sókè rí i, á pòṣé.

Lọ́dún 1991, òjò rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Odò tí a máa ń fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kún, ó gbé afárá onígi lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dé àwọn abà tó wà lódìkejì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọjá níbẹ̀, ọkọ̀ àwọn elétò ìlera. Táyà mẹ́fà ló ní, inú rẹ̀ jìn bí agbada, ó ń rìn lórí ilẹ̀, bó bá sì dé odò, á máa fi táyà wa omi lọ. Àkèré làwọn èèyàn sọ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Japheth tó ń wa Àkèré dé sí Lánlátẹ̀ lórí alùpùpù tó yá lò, ó mú ègé ṣéènì kan lọ́wọ́. Gbogbo mẹkáníìkì ló ti rí i, gbogbo wọn ló mi orí: àfi kí wọ́n kọ̀wé sí òkè òkun. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kì í ṣe nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé Hàlímọ̀ ló ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Omi ló fẹ́ mu.

"Kí lo mú dání yẹn?" ni Hàlímọ̀ bi í.

"Ṣéènì ni, Màmá. Kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ o."

"Mo lójú. Níbo lẹ ń lọ tó já?"

"Abà Ọláníyì ni. Èèyi ti wọ ibẹ̀, ó ń sú sí àwọn ọmọ lára, méjì ti kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú kúlà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Rosaline, ṣùgbọ́n yìnyín inú rẹ̀ kò lè kọjá ìrọ̀lẹ́ òní. Bó bá yọ́ tán, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí òmíràn tó dé."

Ọkàn Hàlímọ̀ já. Abà Ọláníyì ni Rùkáyàt ọmọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ wọn, Wàhábì, kò sì tíì ju oṣù mẹ́wàá lọ. Ó já ṣéènì gba lọ́wọ́ Japheth, ó mú un lọ síbi ìṣó, ó tú bébà, ó fi ojú ṣéènì Àkèré kan ojú ti Àkíbù. Ó ṣe rẹ́gí.

"Àkíbù, ẹ jàre!" ló pariwo. "Ọkọ mi, ẹ jàre o!" Ó nu ojú, ó kó ṣéènì méjèèjì, òòlù àti ìṣó sínú àpò, ó fò sẹ́yìn alùpùpù.

Wọ́n bá Rosaline lábẹ́ igi létí odò, ó fi aṣọ tútù bo kúlà, ó dì í mọ́ra bí ẹni tó gbé ọmọ. Hàlímọ̀ ní kí Japheth tú pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ṣéènì gígùn kan ló ń fa táyà apá ọ̀tún, ọ̀kan ń fa ti òsì. Ti ọ̀tún ló já. Ó fi ìka gbé ti òsì, ó rọ̀ wọlẹ̀, ó ti sán kiri.

"Èyí náà ti ń kú lọ. Méjèèjì la máa pààrọ̀."

Ó tẹ́ ṣéènì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó ka ojú wọn, ó fi ìṣó lu èyí tó lé jáde. Ó rọra sọ̀ sínú ọkọ̀, ó yí ṣéènì mọ́ àwọn eyín irin, ó fi lọ́ọ̀kì so orí méjèèjì pọ̀. Lọ́ọ̀kì yìí, irin pẹlẹbẹ kékeré ni, ó ní ìdí, ó ní ẹnu tó là. Méjì péré ló bá ṣéènì wá, ọ̀kan fún ṣéènì kọ̀ọ̀kan.

Japheth ṣíná ọkọ̀. Àkèré rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ni nǹkan bá dún gbàgà! Ṣéènì apá ọ̀tún ti já sílẹ̀.

Rosaline káwọ́ lérí. Japheth ń kùn pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe la fẹ́ fi tún ọkọ̀ òyìnbó ṣe?"

Hàlímọ̀ gbọ́. Inú bí i. Ó wo ṣéènì. Kò sí ojú kankan tó bàjẹ́, lọ́ọ̀kì ló tú. Báwo ni lọ́ọ̀kì ṣe máa tú? Ìdí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú síbi tí ṣéènì ń sáré lọ, kí ẹnu tẹ̀ lé e. Bí ẹnu bá ṣáájú, ohun tó bá gbá a máa ṣí i. Ọmọ iṣẹ́ oṣù kan mọ èyí. Ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ṣe bí ẹni tó ń ti lọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yí ìdí lọ́ọ̀kì sẹ́yìn.

"Yéè! Èmi ni! Èmi ni mo ṣe é!"

Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ti tún ṣe láyé rẹ̀, ó dorí wọn kodò kó tó fọwọ́ kàn wọ́n ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá kodò, ṣéènì tó wà lókè á máa sáré lọ sẹ́yìn. Ta ló lè dorí Àkèré kodò? Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣéènì tó wà lókè ń sáré lọ síwájú, ọwọ́ Hàlímọ̀ kò sì mọ̀. Ó sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Lọ́ọ̀kì tó fò yẹn ni ká wá. Inú ọkọ̀ kò níhò, kò lè jáde."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ki ọwọ́ bọ inú omi ẹrẹ̀ àti gíríìsì tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n wá a títí. Oòrùn ń yí. Hàlímọ̀ ń pe Ọlọ́run, ó ń pe Wàhábì. Rosaline ló ké pé, "Ṣé èyí ni?" Òun ni, ó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀.

Hàlímọ̀ fi ìdí lọ́ọ̀kì síwájú lọ́tẹ̀ yìí. Ó tú ti òsì náà, ó yí i padà. Japheth ṣíná ọkọ̀. Àkèré rìn, ó wọ odò, omi gbé e, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń wa omi. Hàlímọ̀ di etí ọkọ̀ mú, ó tẹ́tí sí ṣéènì méjèèjì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí táyà iwájú fi gun ilẹ̀ lódìkejì. Ìgbà yẹn ló tó mí.

Ní Abà Ọláníyì, Rosaline ṣí kúlà. Yìnyín tó kù kò ju ẹyin adìyẹ lọ, ṣùgbọ́n ó wà. "Alihamudulilai!" ni gbogbo àwọn ìyá ọmọ kígbe. Wọ́n tò. Nígbà tó kan Wàhábì, ìyá àgbà rẹ̀ ló gbé e dání. Abẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ náà figbe ta, igbe tó lágbára, igbe ọmọ tí ara rẹ̀ le. Hàlímọ̀ bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Yé, ìyá mi!" ni Rùkáyàt pariwo. "Ẹ wo ọwọ́ yín! Ẹ ti fi gíríìsì kun ọmọ láti ọrùn dé ìdí!"

"Gíríìsì á fọ̀," ni Hàlímọ̀ wí, ó sì tún dì í mọ́ra.