Ẹsẹ̀ Tí Bíríkìlà Kò Yẹ̀ Wò

Bíríkìlà ni gbogbo ọsibítù ń pè é, torí òun ló ń ki báńdéèjì ẹlẹ́fun bọ omi, tó ń fi í di ẹsẹ̀ àti apá tó bá ṣẹ́, tí yóò sì gan bíi símẹ́ǹtì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é. Kò sí ẹsẹ̀ tó ń dì láìkọ́kọ́ fọwọ́ wá ibi tí iṣan ti ń lù lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á tẹ èékánná ọmọ ìka títí yóò fi funfun, á wá dúró kí ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀. Aláìsàn a ké, a tún bú u.

"Ẹ máa bú mi lọ jàre," á ní. "Egungun tó ṣẹ́ lè dúró dọ̀la. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá bàjẹ́ kì í dúró de bàbá ẹnikẹ́ni."

Àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ dé. Kápẹ́ńtà ni, orí òrùlé ló ti já bọ́ nínú òjò, egungun ojúgun rẹ̀ sì ṣẹ́ lábẹ́ orúnkún. Bíríkìlà ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Bó ṣe nawọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀hún báyìí, igbe ta.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣàánú mi! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Àánú ṣe é. Ẹsẹ̀ náà tutù, ó ní òjò tó pa á ni. Kò wá iṣan, kò tẹ èékánná. Ó rọra dì í, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ dáadáa, bó ṣe máa ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Àánú burúkú gbáà!

Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ni àbúrò ń rín.

"Bọ̀dá, ẹ ṣeun o. Kò dùn mí mọ́ rárá."

Bíríkìlà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Egungun tó ṣẹ́ lánàá kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí aṣọ, àwọn ọmọ ìka ti ń dúdú. Ó tẹ èékánná, ẹ̀jẹ̀ kò padà. Òun náà ló rẹ́ ohun tó dì.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ṣóńṣó egungun ti ya iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá, gbogbo ẹran ìsàlẹ̀ sì ti kú. "Ká ní a mọ̀ lánàá ni, à bá gba ẹsẹ̀ yìí là," dókítà náà ní. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Kápẹ́ńtà kò tún ní gun òrùlé mọ́ láéláé.

Gbogbo èèyàn ní kádàrá ni. Bíríkìlà ìbá dákẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ tó kọ sínú fáìlì kò jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́ pé òun kò yẹ iṣan ẹsẹ̀ náà wò.

Àbúrò gbọ́ ọ tán, ó bi í pé:

"Àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí tó ń wá síbí, ṣé ẹ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn?"

"Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bí wọ́n bá ké ńkọ́?"

"Bí wọ́n tiẹ̀ ké."

Àbúrò yíjú sí ògiri.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní fún èyí tó dúró nítòsí, "ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin yìí kó máa lọ."