Ṣòkòtò Ẹṣin Àfitèmi

Ọjọ́ tí Àfitèmi wọ ṣòkòtò fún ẹṣin ni gbogbo àdúgbò gbà pé orí kunkun rẹ̀ ti kúrò ní kékeré. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, aṣọ fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n sì fi rán an. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló rán an, lẹ́yìn tó bá a jiyàn títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Bí Àfitèmi ṣe ń fa ẹṣin kọjá, aládùúgbò kan yọjú, ó wo ẹṣin, ó wo fèrèsé tó wà níhòòhò, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Pálọ̀ yín mà ń jáde lọ!"

Ẹ̀fọn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹṣin méjì ni Àfitèmi ń sìn lẹ́yìn ilé, nítòsí irà: Arúgbó, abo àgbà tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹṣin gígùn, àti Ọmọge, ọmọ rẹ̀. Dókítà ẹranko wá kìlọ̀ pé àrùn kan ti dé. Ẹ̀fọn ń kó o lára ẹyẹ, ó ń gbé e fún ẹṣin, ó sì ń wọ ọpọlọ lọ. Bó bá ti wọlé, kò lóògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀.

"Dókítà, ẹ̀fọn ti ń jẹ mí láti kékeré," ni Àfitèmi wí. "Ṣé ó ṣe ọpọlọ mi ní nǹkan kan ni?"

Kí dókítà tó lanu, ìyàwó dáhùn látìdí ẹ̀rọ ìránṣọ: "Ẹ jẹ́ ká bi aládùúgbò."

Àfitèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ná abẹ́rẹ́ bí ẹni ń ná bàtà, pé kí dókítà gún ẹyọ kan dípò méjì. Arúgbó máa ń gbọ̀n bó bá ti rí abẹ́rẹ́, ọkùnrin náà kò sì lè wo ìgbọ̀n yẹn. Níkẹyìn, Ọmọge gba abẹ́rẹ́, Arúgbó wọ ṣòkòtò kí ẹ̀fọn má baà jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ṣòkòtò kì í bo ọrùn. Nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, Arúgbó kọ koríko. Ó fi orí ti ògiri bí ẹni fẹ́ wó o, ó ń yí po lójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń takora. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà.

"Ṣé kò ní ràn yín, Bàbá Àgbà?" ni ìyàwó ń bi ọkọ rẹ̀.

"Kì í ti ara ẹṣin ran èèyàn, Mà," ni dókítà wí. "Ẹ̀fọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún."

Àfitèmi jókòó ti ẹṣin rẹ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀."

Dókítà mi orí. Kò sí ohun tó lè dín.

Nígbà tí Arúgbó kú, Àfitèmi bọ́ ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀, ó ká a dáadáa. "Ta ló rán mi láti ná abẹ́rẹ́?" ó bèèrè. Ìyàwó tó máa ń ní èsì fún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn jókòó tì í.

Láti ọjọ́ náà, orí kunkun yẹn yí ojú síbòmíràn. Ẹlẹ́ṣin kan ní òun á ṣì ro ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà wò ná. Àfitèmi lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí onítọ̀hún fi ránṣẹ́ pe dókítà. Ó ń da gbogbo omi tó bá rí nù, títí kan èyí tí ìyàwó rẹ̀ rẹ aṣọ sí.

"Aṣọ oníbàárà ni!" ni obìnrin náà pariwo.

"Ẹ̀fọn ò mọ oníbàárà."

Aládùúgbò kan bọ́ṣọ tán láti wẹ̀, ó bá garawa rẹ̀ ní òfìfo. Kò wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ṣe é. Àmọ́ kò tún sí ẹṣin kankan ládùúgbò tó fi orí ti ògiri mọ́.

Ọjọ́ ogbó ló mú Àfitèmi lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Òjò á rọ̀ lónìí." Ó dúró díẹ̀, bóyá ẹnì kan á jiyàn. Ó bá mú ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ọkọ rẹ̀: "Irọ́ ni! Kò ní rọ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì lọ fún Ọmọge ní koríko.