Fèrèsé Tí Kò Ríta

Yàrá tí Ìyá Aránṣọ háyà ṣókùnkùn débi pé ọ̀sán gangan ni àwọn eku ibẹ̀ máa ń kí ara wọn pé, "Ó dàárọ̀ o." Fìtílà ló fi ń ríran ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé gbogbo yàrá ayálégbé gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, inú rẹ̀ dùn pé ojú òun tó ti ń ṣe bàìbàì máa sinmi. Àfi bí Bàbá Onílé ṣe gbé fèrèsé dé, tó kàn án mọ́ ògiri gbagidi láìdá ihò kankan sí i.

"Tí olùyẹ̀wò bá dé, ẹ sọ pé atẹ́gùn fẹ́ gbé yín lọ. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́!"

Olùyẹ̀wò dé. "Ìyá, ṣé atẹ́gùn ń wọlé?"

Ẹ̀rù ba aránṣọ. "Ọ̀gá, òógùn ti bò yín. Ẹ kúkú yọrí síta níbẹ̀, kí ẹ wò ó."

Ọ̀gá ṣí fèrèsé, ó yọrí tagbáratagbára. Gbàù! Iwájú orí rẹ̀ so kókó.

Bàbá Onílé ní, "Ògiri aládùúgbò ló sún mọ́ wa jù."

"Aládùúgbò wo? Ẹ mú òòlù wá!"

Ìṣojú ọ̀gá ni Bàbá Onílé ti lu ògiri náà títí ó fi dá ihò, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì wọ yàrá. Aránṣọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó figbe ta: ṣòkòtò dúdú tó ń rán láti àárọ̀, pupa fòò ni!