Ohùn Àbúrò Mi, Ojú Ẹlòmíràn

Òórùn símẹ́ǹtì tútù ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú tí mo bá rántí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Ayọ̀bọ̀, níbi tí a ti ya fídíò orin wa. Èmi ni mo fi kọ̀ǹpútà ṣe ìlù orin náà látòkèdélẹ̀, nínú yàrá mi ní Ìkọ̀tún. Àbúrò mi obìnrin ló kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ṣùgbọ́n epo gbígbóná ti jó o lójú nígbà tó wà lọ́mọdé, àpá rẹ̀ sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán.

Lọ́jọ́ náà, ó ti dirun, ó ti wọ aṣọ tuntun, nígbà tí ẹni tó fẹ́ ya fídíò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ojú yẹn ò ṣeé gbé sórí tẹlifíṣọ̀n, pé òun ti mú ọmọbìnrin kan wá tí yóò máa yanu tẹ̀ lé orin. Ó yẹ kí n kọ̀. Àmọ́ ojú ń kán mi, ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ iṣẹ́ mi. Mo lọ bá àbúrò mi, mo ní kó ṣe sùúrù, pé èyí tó ń bọ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀.

"Kò burú, bọ̀ọ̀dá mi," ló sọ. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo ẹni ẹlẹ́ni tó ń fi ohùn rẹ̀ jó.

Orin náà ròkè. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tuntun nínú ìlù mi, pé ohùn ló fún un lẹ́mìí. Ó wá yin ọmọbìnrin inú fídíò, ó ní ojú rẹ̀ bá ohùn rẹ̀ mu. Màmá wa ò mọ̀wé, ó ní kí àbúrò mi ka ìwé náà fóun. Ó kà á tán, kò fo ìlà kan.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ń yìn báyìí?" ni màmá wa bi í.

"Rárá, mọ́mì. Ọmọbìnrin inú fídíò ni."

Mo wà níbẹ̀, mi ò lè gbójú sókè. Àbúrò mi ò bá mi jà rí. Ó kàn ṣíwọ́ orin ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àní nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Ó ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé ẹni tó ya fídíò ló ṣe é níkà. Irọ́ ni. Ohun tí àbúrò mi ń retí lórí búlọ́ọ̀kù yẹn ò ju kí n sọ pé, "Àbúrò mi ni, òun ló lorin." Gbólóhùn kan péré. Mo gbé e mì.