Ọkọ̀ òkun tí kò ní èéfín

Bàbá Tólú, ọmọ yín náà fẹ́ lọ sójú òkun.

Lẹ́tà iṣẹ́ ti dé. Lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, mo rán an létí pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì inú ọkọ̀ òkun tí ẹ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ló pa yín.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ọkọ̀ tuntun nìyí. Afẹ́fẹ́ àti bátìrì ló ń gbé e rìn. Kò sí èéfín níbẹ̀."

"Òkun ńkọ́? Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ìyẹn náà?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún mi.

Ẹ mọ̀ pé ní ìjọ wa ní Òde-Ayé, òbí ló ń gbé lẹ́tà iṣẹ́ ọmọ lọ síwájú pẹpẹ fún àdúrà. Wọ́n pe orúkọ Tólú. Mi ò lè dìde.

Ọmọ yín ń wò mí.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dìde?